Sauka Ka Huta: Àwọn Tó Kọ́kọ́ Jókòó Ti Kọ̀ǹpútà àti Ìfẹ̀yìntì Wọn

Ẹ̀yin ará, àdúgbò tí ìjọ wa wà ní Minna yìí ní orúkọ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè lójoojúmọ́ láìronú sí i. Sauka Kahuta. Èdè Hausa ni. Sauka ni kí èèyàn sọ̀kalẹ̀, ìbáà jẹ́ lórí ẹṣin tàbí nínú mọ́tò. Ka huta ni kí o sinmi. Sọ̀kalẹ̀, kí o sinmi. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ọdún 35 tó wá kọ́lé síbí, mi ò mọ àdúgbò tí ì bá tún bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Hausa tún máa ń sọ nípa ẹni tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pé ó ti gbé iṣẹ́ kalẹ̀, ajiye aiki, bí ìgbà tí èèyàn gbé ẹrù kalẹ̀ lórí. Àwa Yorùbá kì í sọ ọ́ báyẹn. Àwa ní ó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yìn ò sì ṣeé fi ti afẹ́fẹ́. Ó gbọ́dọ̀ rí ògiri, tàbí igi, tàbí èèyàn. Ìbéèrè ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: kí ni o fi ẹ̀yìn tì?

Mò ń bèèrè nítorí pé ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì ti ń yí padà nínú ìjọ wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé síbí, àwọn tí à ń bá dúpẹ́ ni tíṣà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn tó ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì. Báyìí, ọ̀wọ́ mìíràn ti dé. Wọ́n á ní àwọn ṣiṣẹ́ “ní kọ̀ǹpútà” ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ní pólì, tàbí ní yunifásítì. Wọn kì í ṣe olùkọ́, wọn kì í sì í ṣe akọ̀wé. Àwọn ni wọ́n máa ń wá lọ bí èsì ìdánwò ò bá jáde, bí owó oṣù ò bá pé, bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá há bébà mọ́ ẹnu. Nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, àwọn tó wọṣẹ́ yìí ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni àkọ́kọ́ irú wọn. Àwọn ni wọ́n ń pé ẹni ọdún 65 báyìí. Kò sí bàbá tó ti ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú wọn tí yóò sọ fún wọn bí a ṣe ń fi í sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa sì rò pé inú fóònù ni kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ìtàn yìí.

Kí n tó dé orí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ògiri yẹn. Láyé àwọn bàbá ńlá wa, àgbẹ̀ kì í fẹ̀yìn tì. Bí agbára bá ṣe ń dín ni oko náà ń kéré sí i. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu: òwe yẹn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, ètò ìlú ni. Ọmọ ni ògiri. Iṣẹ́ olówó oṣù ló da ètò náà rú, nítorí pé ó mú èèyàn jìnnà sí oko àti sí ẹbí. Minna tí a wà yìí, rélùwéè ló sọ ọ́ di ìlú ńlá. Ojú irin tó ti Èkó bọ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là ní 1896, dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Jẹ́bà ní 1909, ibí ló sì ti pàdé èyí tó ti Baro ń lọ sí Kano, ní nǹkan bí ọdún 1911. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló bá ojú irin yẹn wá sókè ọ̀hún: akọ̀wé, oníṣẹ́ irin, oníṣòwò. Ẹni tó bá ti lo ọgbọ̀n ọdún níbi tí ọkọ̀ ojú irin já a sí, oko bàbá rẹ̀ ní Ọ̀fà tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ á ti di ti ẹlòmíràn. Ta ni yóò wá bọ́ ọ?

Àwọn òyìnbó ti bá ìbéèrè yẹn pàdé ṣáájú wa. Ní Jámánì, lábẹ́ Bismarck, wọ́n ṣe òfin owó àgbà ní 1889, fún ẹni tó bá ti pé 70 ọdún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ ní 1908, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ọjọ́ kìíní ọdún 1909, ẹni 70 ọdún náà ni. (Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láyé ìgbà yẹn kì í dé 70. Mo gbà pé àwọn tó ń ṣòfin mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.) Ní Nàìjíríà, òfin owó ìfẹ̀yìntì àkọ́kọ́ jáde ní 1951, wọ́n sì ní kó ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn dé ọjọ́ kìíní ọdún 1946. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ológun ṣe òfin nọ́ńbà 102 ti ọdún 1979, tí òun náà padà sẹ́yìn dé oṣù kẹrin ọdún 1974. Òfin yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa bá nílẹ̀ nígbà tí wọ́n wọṣẹ́. Ògiri tó dára ni lójú. Nígbà tó yá, ẹni tó bá ṣe ọdún 35 á gba gíràtúítì tó jẹ́ owó oṣù ọdún mẹ́ta gbáko, lẹ́yìn náà á máa gba ìdá 80 nínú 100 owó oṣù tó gbà kẹ́yìn, títí ayé rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kò dá kọ́bọ̀ kan sí i. Inú àpò ìjọba ni gbogbo rẹ̀ á ti jáde. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lọ́jọ́ tó gbàwé ìgbanisíṣẹ́, kí ló tún kù kó máa wá?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí kọ̀ǹpútà.

Orí ìkànìyàn ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Herman Hollerith ló ṣe ẹ̀rọ tó ń ka ihò inú káàdì fún ìkànìyàn ọdún 1890, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó para pọ̀ di IBM. Tiwa náà, ìkànìyàn ló gbé e wá. Wọ́n ka èèyàn ní 1962, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí iye tó jáde, wọ́n fagi lé e, wọ́n tún un kà ní 1963. Ọdún 1963 yìí ni kọ̀ǹpútà wọ Nàìjíríà, láti fi ṣe ìṣirò ìkànìyàn náà. Ẹ̀rọ ò sì parí ìjà yẹn títí dòní. Ọdún kan náà ni IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ nínú Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà. Kò sí pé ò ń tẹ̀ ẹ́, ó ń hàn lójú gíláàsì. Káàdì páálí ni. Òpó 80 ló wà lójú káàdì kan, òpó kan fún lẹ́tà kan. Ẹ̀rọ kan á máa lu ihò sí i bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bí o bá ṣì í, o ò lè pa á rẹ́. O máa ju káàdì yẹn nù ni, kó o tẹ òmíràn. Iṣẹ́ kan lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún káàdì, wọ́n á tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á gbé wọn lọ fún àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ńlá, wọ́n á dúró títí di ọjọ́ kejì kí èsì tó jáde. Bí àpótí káàdì bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ tó fọ́n ká sílẹ̀, ẹkún ni.

Fún bí ogún ọdún, àwọn yunifásítì ńlá, báńkì, ilé iṣẹ́ epo àti ìjọba nìkan ló lágbára irú ẹ̀rọ yẹn. Ní Zaria, ibùdó kọ̀ǹpútà Yunifásítì Ahmadu Bello ń jẹ́ orúkọ Iya Abubakar, onímọ̀ ìṣirò tó ti ṣe ọ̀gá àgbà ibẹ̀ rí. Ní 1978 ni àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, èyí tó padà di Nigeria Computer Society. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àti pólì ò tíì rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà kékeré orí tábìlì jáde ló tó kàn wọ́n. Ti IBM dé ọjà lágbàáyé ní 1981. Minna náà ń di ìlú ilé ìwé lásìkò yẹn: ní 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀ tí Minna sì di olú ìlú rẹ̀, ní 1983 ni yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀, nínú ọgbà tó jẹ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà ní Bosso, kí ó tó nà dé Gidan Kwano. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé ìwé.

Bàbá kan wà nínú ìjọ wa tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní 1988 yìí, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Ẹni 30 ọdún ni wọ́n nígbà náà, ìṣirò ni wọ́n kà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ bí ó ṣe rí fún mi, mo sì gba ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ní, inú yàrá kan tí wọ́n tẹ́ rọ́ọ̀gì sí ni wọ́n kó wọn sí.

“Pásítọ̀, ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ti kọ̀ǹpútà ní. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kódà kó jẹ́ ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀, á bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, bíi ti Mósè níwájú igbó tó ń jó?”

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Eruku ọyẹ́ ni wọ́n ń sá fún. Àwọn tó ti Èkó wá ta ẹ̀rọ náà fún wọn ló ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí bí eruku bá wọ inú ibi tí díísìkì ń gbà wọlé, ó parí nìyẹn. Ẹni tó ti rí ọyẹ́ Minna ní oṣù kìíní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gba ìwé èsì ìdánwò tí àwọn olùkọ́ fi bírò kọ, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú díísìkì pẹlẹbẹ. Bí iná NEPA bá lọ láàárín iṣẹ́, ohun tí wọn ò tíì fi pamọ́ ti lọ. Bàbá ní lọ́jọ́ kan àwọn tẹ èsì ọmọ 200 lẹ́ẹ̀mẹta.

Wọ́n tún sọ ọ̀kan fún mi tó dùn mọ́ mi. Ní ọdún 1999, gbogbo ayé ń bẹ̀rù pé kọ̀ǹpútà á dàrú bí ọdún 2000 bá wọlé. Ìdí ni pé nọ́ńbà méjì péré ni wọ́n fi ń kọ ọdún sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àyè inú káàdì àtijọ́ yẹn kò tó. Bí 99 bá di 00, ẹ̀rọ lè rò pé 1900 ló dé. Ẹni tí wọ́n bí ní 1940 á wá di ẹni tí wọn ò tíì bí, ta ni yóò sì san owó ìfẹ̀yìntì fún ẹni tí wọn ò tíì bí? Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, nígbà tí gbogbo ìjọ wà ní ìsìn àìsùn, inú yàrá kọ̀ǹpútà ni bàbá yìí àti ẹnì kejì wọn wà, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ àti fìlásìkì tíì. Aago méjìlá lù. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣàdúrà, wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n lọ sílé. Wọ́n ní àwọn èèyàn fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn náà, pé ibo ni wàhálà tí wọ́n ń sọ wà? Kò sẹ́ni tó bèèrè iye oṣù tí wọ́n ti fi ń tún ọjọ́ inú ẹ̀rọ ṣe kí òru ọjọ́ náà tó dé.

Iṣẹ́ wọn rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá lọ déédéé, èèyàn ò rí i.

Ìtàn tí mo fẹ́ kí ẹ rántí jù nínú gbogbo èyí ni ti Yaba, ní Èkó. Yaba College of Technology ti wà láti 1947, òun ló sì dàgbà jù nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ mọ̀ pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní lẹ́tà méjì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tiwa ni.ng. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn tó ń ṣètò íntánẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, pé òun ni kí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà méjì yẹn. Ní 1995, orúkọ tó wà níbẹ̀ fún Nàìjíríà kì í ṣe ti mínísítà, kì í ṣe ti NITEL. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba College of Technology ni, Ìyáàfin Ibukun Odusote.

Ẹ ro bí Nàìjíríà ṣe rí ní 1995. Ìjọba ológun Abacha ló wà lórí oyè. Ẹni tó bá fẹ́ tẹlifóònù NITEL á kọ̀wé, á sì gbàgbé pé òun kọ̀wé. Àwọn ẹ̀rọ tó ń dáhùn fún .ng, òkè òkun ni wọ́n wà, nítorí iná àti wáyà tiwa ò ṣeé gbára lé. Nínú gbogbo rúgúdù yẹn, ọ́fíìsì kan nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n fi orúkọ orílẹ̀-èdè pamọ́ sí. Ní Ifẹ̀ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n G. Olalere Ajayi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Obafemi Awolowo ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì káàkiri ọgbà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ibùdó ìmọ̀ físíìsì kan ní Trieste, ní Ítálì. Nígbà tí ìjọba dá NITDA sílẹ̀ ní 2001, ọdún kan náà tí fóònù alágbèéká GSM dé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajayi ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ó gba ọ̀pọ̀ ìpàdé àti awuyewuye kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó yẹ kó máa tọ́jú .ng. Ní 2004 ó bọ́ sọ́wọ́ NITDA. Ní 2005 wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún un, Nigeria Internet Registration Association, àwọn ló sì ń bójú tó o títí di òní. Ìyáàfin Odusote ní tiwọn tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ títí wọ́n fi di akọ̀wé àgbà. Ohun tó wù mí nínú ìtàn yìí ni pé ohun tó wà lórúkọ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ nígbà tí onítọ̀hún ṣì wà láyé, tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n lè bi í ní ìbéèrè. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Ọdún 2004 yẹn náà ni ògiri tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yí padà. Owó ìfẹ̀yìntì ti di gbèsè lọ́rùn ìjọba. Àwọn àgbàlagbà ń tò sórí ìlà níbi àyẹ̀wò láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn, àwọn kan dákú, àwọn kan ò sì padà délé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá rélùwéè ìlú yìí. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2004, Ààrẹ Ọbasanjọ fọwọ́ sí òfin tuntun. Láti ìgbà yẹn, òṣìṣẹ́ náà á máa dá: ìdá 7.5 nínú 100 láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́, ìdá 7.5 láti ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á síṣẹ́, sínú àpamọ́ tó wà lórúkọ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Òfin ọdún 2014 sọ ọ́ di ìdá 8 àti ìdá 10.

Mo gbà pé ètò tuntun yìí sàn ju ti àtijọ́ lọ ní ibi kan: owó náà ní orúkọ lórí. Nínú àpò gbogbogbòò, ẹnì kan lè bu owó ẹgbẹ̀rún èèyàn. Ẹ rántí ẹjọ́ owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá, nígbà tí ilé ẹjọ́ kan ní Àbújá ní oṣù kìíní ọdún 2013 ní kí ẹni tó jẹ̀bi kíkó ọ̀kẹ́ àìmọye owó lọ san ìtanràn 750,000 náírà, kó máa lọ sílé. Ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó yí i padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n àwọn tí mò ń sọ ìtàn wọn yìí, àárín ni òfin náà bá wọn. Ẹni tó wọṣẹ́ ní 1988 ti ṣe ọdún 16 lábẹ́ òfin àtijọ́ kí tuntun tó dé. Owó ọdún 16 yẹn kò sí nínú àpamọ́ rẹ̀. Ìjọba ló ṣèlérí pé òun á kó o wá lọ́jọ́ tó bá fẹ̀yìn tì, láti inú àpò kan tó wà ní báńkì àgbà. Bí ìjọba bá fi falẹ̀, ìdajì ògiri ni onítọ̀hún fi ẹ̀yìn tì. Gbèsè náà pọ̀ débi pé ní oṣù kejì ọdún 2025, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí yíyá owó tó tó 758 bílíọ̀nù náírà láti fi san án. Ẹ sì fi ti náírà fúnra rẹ̀ kún un: dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí náírà 130 ní 2004 ti kọjá 1,500 ní 2024. Lábẹ́ òfin tuntun, ẹni tó bá fẹ́ gba owó kan lẹ́ẹ̀kan náà gbọ́dọ̀ fi èyí tó lè máa san ìdajì owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀. Ìdajì. Wọ́n ti ka ìdá 80 sí ọkàn láti ọjọ́ tí wọ́n wọṣẹ́.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì dùn mí, ni pé àwọn gan-an ló tẹ ètò tuntun náà sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ IPPIS ní 2007 láti máa san owó oṣù láti ojú kan ní Àbújá, ta ni wọ́n ní kó to orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ jọ nígbà tó kan ilé ìwé? Àwọn ara kọ̀ǹpútà ni. Nígbà tí JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní 2013, tí gbogbo rẹ̀ sì di ti kọ̀ǹpútà ní 2015, ta ló ń sùn sí gbọ̀ngàn kí iná má bàa lọ? Ní 2012 ìjọba ti fa ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga dé 65, ti ọ̀jọ̀gbọ́n dé 70. Nítorí náà wọ́n dúró pẹ́ ju ẹgbẹ́ wọn lọ, iṣẹ́ sì ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ kejì wá kù, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá ń darúgbó, á mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ààlà oko. Òṣìṣẹ́ rélùwéè á dá fìtílà àti àsíá padà, ẹni tó gbà á á buwọ́ lùwé. Ohun tí oníkọ̀ǹpútà ní ò ṣeé gbé fúnni bẹ́ẹ̀. Páswọ́ọ̀dù ni, àti ìdí tí wọ́n fi ṣe nǹkan kan bí wọ́n ṣe ṣe é ní ọdún tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́. Inú orí ló wà. Bàbá ìjọ wa sọ fún mi pé ní àwọn ọdún 1990, ẹnì kejì àwọn lẹ́nu iṣẹ́ ṣàìsàn ọjọ́ díẹ̀, ó kú. Òun nìkan ló mọ páswọ́ọ̀dù ibi tí èsì ìdánwò wà. Wọ́n tún èsì ọdún mẹ́ta tẹ̀ láti inú bébà, ikán sì ti jẹ lára bébà náà. Àwọn ọmọ kan dúró ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó rí sátífíkéètì gbà.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ra ìwé ẹlẹ́yìn líle tó gùn, tí wọ́n ń kọ gbogbo nǹkan sí i. Nígbà tí wọ́n fi máa pé 65 ní 2023, ìwé náà ti di méjì. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fà á lé ilé iṣẹ́ lọ́wọ́, kò sí ẹni tí wọ́n yàn láti gbà á. Wọn ò gba òṣìṣẹ́ tuntun láti ọdún pípẹ́, àwọn ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n kọ́ ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ lọ sí Kánádà. Wọ́n fún bàbá ní wọlé-wọ̀de, aago ògiri àti ìwé ìdúpẹ́. Wọ́n kó ìwé méjèèjì padà wálé. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìyàwó wọn bi wọ́n lọ́jọ́ kan níwájú mi pé, “Bàbá Ìbejì, ṣé wọ́n ti dá yín padà sẹ́nu iṣẹ́ ni?”

Mo wá lọ wo Bíbélì. Ibì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí Ọlọ́run ti fi ọjọ́ orí sí ìfẹ̀yìntì ni Numeri orí kẹjọ, ẹsẹ 24 sí 26, lórí àwọn ọmọ Léfì. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 25, wọ́n á dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 50. Ṣùgbọ́n wọn ò ní kí wọ́n kúrò nínú àgọ́. Wọ́n á máa wà pẹ̀lú àwọn arákùnrin wọn, wọ́n á máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹrù ni wọ́n sọ̀ kúrò lórí wọn. Kí èyí tó lè rí bẹ́ẹ̀, arákùnrin kan gbọ́dọ̀ wà nínú àgọ́ tí yóò gba ẹrù náà. Lójú tèmi, ilé ẹ̀kọ́ tó bá mọ̀ pé òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ á pé 65 ní ọdún méjì sí i, ó yẹ kó ti fi ọ̀dọ́ kan jókòó tì í láti òní, kó má dúró de ọjọ́ aago ògiri. Ìjọ náà ń gbọ́ o: ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa, ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ilé ẹ̀kọ́ náà gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́. Ó wá bá bàbá nílé fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé ìwé kan wà. Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń jókòó sí fàráńdà báyìí láti aago mẹ́wàá. Mo bi bàbá bóyá ẹnikẹ́ni ń san nǹkan kan fún wọn lórí rẹ̀, wọ́n kàn wò mí. Wọ́n ti ka ìwé kìíní tán. Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n dé ibi tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń ṣí èsì ìdánwò ọdún 1994 sí.